Rífẹ́ẹ̀tì Tó Ń Di Bàálù Mú: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Kàn Án

Ẹni tó bá ti gbé iṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù ní Òkè-Fíà, Òṣogbo, ti rí rífẹ́ẹ̀tì. Wọn á fi dírìlì lu ihò, wọn á ki píìnì bọ̀ ọ́, wọn á fi ìbọn ọwọ́ fà á, ìrù píìnì á já, igun fèrèsé á sì di gírígírí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé rífẹ́ẹ̀tì náà ló ń di bàálù mú, láti imú dé ìrù, àti pé àwọn èèyàn wà tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù nínú gáréèjì ilé wọn. Iṣẹ́ tó wà láàárín fèrèsé àti bàálù kò ju pé ká mọ rífẹ́ẹ̀tì tó yẹ, ká lu ihò tó yẹ, ká sì ní sùúrù láti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí nìyẹn.

Bàálù tí èèyàn ń kàn nílé kì í sábàá jẹ́ èyí tí ó fi orí ara rẹ̀ rò. Ilé-iṣẹ́ kan ló ya àwòrán rẹ̀, tó dán an wò, tó sì ń ta páànù tí wọ́n ti gé, egungun inú rẹ̀ àti ìwé ìlànà pọ̀ nínú àpótí. Ẹni tó rà á ló máa tò ó. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Van's Aircraft ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, tí Richard VanGrunsven dá sílẹ̀ ní 1973. Bàálù tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti kàn parí, tó sì ti fò, ti lé ní 11,000.

Ọ̀kan nínú àwọn bàálù yìí dé Nàìjíríà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú wa mú RV-6A ti Van's, wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ bàálù oníjókòó méjì tí wọn yóò máa fi kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. AIEP, ilé-iṣẹ́ wọn ní Kàdúná, ló ṣe é pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Dornier ti Jámánì, wọ́n sì pè é ní Air Beetle. Ní Ghana pẹ̀lú, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Kpong, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kan Zenith CH 701, bàálù kékeré tí Chris Heintz ya àwòrán rẹ̀. Patricia Mawuli, ọ̀kan nínú wọn, wá iṣẹ́ wá sí pápá náà. Nígbà tó yá, ó di akànbàálù, ó di awakọ̀ òfuurufú, ó sì di olùkọ́.

Kàdúná àti Kpong fún wa ní irú rífẹ́ẹ̀tì méjèèjì. RV-6A jẹ́ bàálù rífẹ́ẹ̀tì alára líle, èyí tí wọ́n ń fi òòlù afẹ́fẹ́ kàn. CH 701 jẹ́ bàálù rífẹ́ẹ̀tì àfàdì, èyí tó jọ ti àwọn onífèrèsé.

Kí ló dé tí wọn kò jó páànù pọ̀?

Ìbéèrè tí wẹ́dà máa kọ́kọ́ béèrè nìyí, ìbéèrè gidi sì ni. Alumíníọ́mù lásán rọ̀ jù fún bàálù. Èyí tí wọ́n ń lò jẹ́ àdàpọ̀: wọ́n ti po bàbà, tàbí magnesium àti silicon, mọ́ ọn, wọ́n ti mú un gbóná, wọ́n sì ti sọ ọ́ di tútù lójijì. Ará Jámánì kan, Alfred Wilm, ló ṣàkíyèsí ní 1906 pé àdàpọ̀ tí wọ́n bá ṣe báyìí fún máa ń le sí i fúnra rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Páànù tí Van's ń lò ń jẹ́ 2024-T3. Ti Zenith ń jẹ́ 6061-T6. Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ni orúkọ àdàpọ̀ náà. T àti nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ irú ìtọ́jú tó gbà.

Bí iná wẹ́dà bá kan irú páànù bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú yẹn bàjẹ́ ní gbogbo àyíká ibi tí wọ́n jó. Ibẹ̀ á rọ̀, 2024 tilẹ̀ máa ń là. Bóòtì ní tirẹ̀ wúwo, ó sì lè tú bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n tútù ni wọ́n ń kan rífẹ́ẹ̀tì alumíníọ́mù, nítorí náà kò ba agbára páànù jẹ́. Ó fúyẹ́, kò ní nọ́ọ̀tì tó lè tú, ó sì ń kún inú ihò rẹ̀ pátápátá.

Ohun tí rífẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n ṣe jù ni pé kí páànù méjì fẹ́ yọ̀ kọjá ara wọn, kí ó sì dènà wọn. Bí ẹ bá ń fà á lórí bí ẹni fẹ́ hú u, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ya àwòrán bàálù sì ń ṣètò rẹ̀ kí ẹrù má bàa wá láti ibẹ̀. Rífẹ́ẹ̀tì alára líle kan tó fẹ̀ ní ínǹṣì 1/8, tí wọ́n fi àdàpọ̀ 2117 ṣe, lè gba agbára bíi pọ́n-ùn 388 kó tó gé. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kílò 176, ó ju àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Rífẹ́ẹ̀tì tó wà lára bàálù kan bíi RV sì lé ní 10,000. Kò sí èyí tó ń dá ẹrù gbé nínú wọn, àmọ́ bí ọ̀kan bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ẹrù rẹ̀ bọ́ sórí aládùúgbò rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí akànbàálù fi ń tọ́jú rífẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń ka orúkọ rẹ̀

Rífẹ́ẹ̀tì alára líle kò ju ọ̀pá kúkúrú kan tó ní orí ní ìpẹ̀kun kan lọ. Orúkọ rẹ̀ ní ọjà bàálù gùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ nílò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú AN470AD4-5.

AN470 ló ń sọ irú orí: orí tó yọ róbótó sókè. Bí ó bá jẹ́ AN426, orí pẹlẹbẹ ni, tó ń wọlé sínú páànù kí ara bàálù lè dán, kí afẹ́fẹ́ sì máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀. AD ni àdàpọ̀ 2117 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí ojú ihò kékeré kan wà ní àárín orí rẹ̀. Àmì yẹn ṣe pàtàkì. Rífẹ́ẹ̀tì A, tó jẹ́ alumíníọ́mù tó rọ̀, kò ní àmì kankan lórí. DD, tó jẹ́ àdàpọ̀ 2024, ní ìlà kéékèèké méjì tó yọ sókè, inú fíríìsà ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí títí wọn yóò fi lò ó. Èyí tí ẹni tó ń kan bàálù nílé ń lò jù ni AD, torí bí ó ṣe jáde nínú àpò ni wọ́n ń kàn án.

4 ni ìfẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ ní ìdá méjìlélọ́gbọ̀n ínǹṣì: 4/32, ìyẹn ínǹṣì 1/8, tàbí mìlímítà 3.2. 5 ni gígùn rẹ̀ ní ìdá mẹ́rìndínlógún: ínǹṣì 5/16, tó súnmọ́ mìlímítà 8. Lára AN470, láti abẹ́ orí ni wọ́n ti ń wọn gígùn. Lára AN426, wọ́n ń ka orí mọ́ ọn, nítorí inú páànù ni orí náà máa wà. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á máa ra èyí tó kúrú jù tàbí èyí tó gùn jù.

Yíyan ìfẹ̀ àti gígùn

Ìwé ìlànà bàálù ló ń sọ rífẹ́ẹ̀tì tó máa wọ ihò kọ̀ọ̀kan, a kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà. Síbẹ̀, ó dára ká mọ ìdí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn, nítorí ojú tó mọ ìdí ló ń tètè rí àṣìṣe.

Ìfẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta páànù tó nípọn jù níbi ìsopọ̀. Bí páànù náà bá jẹ́ mìlímítà 1, rífẹ́ẹ̀tì tó súnmọ́ mìlímítà 3 ni, ìyẹn ínǹṣì 1/8. Bí rífẹ́ẹ̀tì bá kéré jù, yóò gé; bí ó bá tóbi jù, agbára tí wọ́n máa fi kàn án á yọ páànù lẹ́nu.

Fún gígùn, ẹ ro ìnípọn gbogbo páànù tó wà níbẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìfẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì kún un. Ká ní páànù méjì gorí ara wọn, egungun inú apá bàálù sì wà lábẹ́ wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 1. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 3. Ìfẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì, 3.2, ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ jẹ́ 4.8. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7.8, tó súnmọ́ ínǹṣì 5/16. AN470AD4-5 tí a kà lókè gan-an nìyẹn. Ohun tó ṣẹ́kù yọ ní ẹ̀yìn páànù ló máa di orí kejì.

Àyè náà ní òfin tirẹ̀. Láti àárín ihò dé etí páànù, ó kéré tán, kí ó tó ìlọ́po méjì ìfẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì. Fún ínǹṣì 1/8, ìyẹn jẹ́ mìlímítà 6.4. Láti àárín ihò kan sí àárín èkejì, kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta. Bí ihò bá súnmọ́ etí jù, etí á ya. Bí wọ́n bá súnmọ́ ara wọn jù, ẹ ti sọ ìlà rífẹ́ẹ̀tì di ibi tí páànù yóò ti já.

Inú ihò ni iṣẹ́ wà

Èèyàn lè ra rífẹ́ẹ̀tì tó dára jù láyé, kí ihò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Fún rífẹ́ẹ̀tì ínǹṣì 1/8, ihò tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nọ́ńbà 30, ìyẹn ínǹṣì 0.1285, tàbí mìlímítà 3.26. Fún ínǹṣì 3/32, nọ́ńbà 40 ni, tó jẹ́ mìlímítà 2.49. Ẹ rí i pé àyè tó wà láàárín rífẹ́ẹ̀tì àti ihò jẹ́ nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré. Ẹnu dírìlì onímìlímítà ló pọ̀ ní ọjà wa, èyí tí àwọn onífèrèsé sì sábà máa ń lò lè fi ihò sílẹ̀ tó fẹ̀ jù. Nínú ihò tó fẹ̀ jù, rífẹ́ẹ̀tì á dojú dé nígbà tí wọ́n bá ń kàn án. Ẹ ra ẹnu dírìlì tó ní nọ́ńbà yìí gan-an, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kú.

Ihò tó dára kì í wáyé lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ to páànù pọ̀ pẹ̀lú Cleco, ìyẹn píìnì onísípírìngì tí wọ́n ń fi di páànù mú fún ìgbà díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń sọ ìwọ̀n: aláwọ̀ fàdákà fún 3/32, aláwọ̀ bàbà fún 1/8, dúdú fún 5/32. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní ipò, wọ́n á lu ihò náà dé ìwọ̀n rẹ̀ gan-an nígbà tí páànù ṣì wà papọ̀, kí ihò òkè àti ti ìsàlẹ̀ má yẹ̀ sí ara wọn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀. Dírìlì máa ń fi ẹ̀gún sílẹ̀ ní ẹnu ihò, èérún irin sì máa ń há sáàárín páànù. Bí ẹ bá kàn án bẹ́ẹ̀, páànù kò ní lẹ̀ mọ́ra wọn, rífẹ́ẹ̀tì á wú sáàárín wọn, ibẹ̀ á sì ṣí àyè sílẹ̀ fún omi. Nítorí náà, ẹ fi irinṣẹ́ ìyọ̀gún yí ẹnu ihò náà fẹ́rẹ́, lójú méjèèjì, kí ẹ̀gún lọ kí páànù má sì lọ. Ẹni tó bá yí i jù ti ń jẹ lára páànù tó yẹ kó gbé ẹrù.

Orí pẹlẹbẹ: títẹ̀ àti gbígbẹ́

AN426 nílò ibi tí orí rẹ̀ máa jókòó sí, ọ̀nà méjì ló sì wà láti fún un. Ọ̀nà kan ni kí a fi irin akọ àti abo tẹ etí ihò wọlé, kí páànù kọ́ kòtò kékeré fúnra rẹ̀. Èkejì ni kí a fi ẹnu ọ̀bẹ dírìlì gbẹ́ etí ihò náà. Ìnípọn páànù ló ń sọ èyí tí a máa lò. Títẹ̀ ni fún páànù tín-ín-rín. Gbígbẹ́ ni fún èyí tó nípọn. Fún rífẹ́ẹ̀tì ínǹṣì 1/8, Van's kì í fẹ́ kí a gbẹ́ páànù tí kò tó ínǹṣì 0.040, ìyẹn mìlímítà 1.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hawaii fi ìdí rẹ̀ hàn. Ní Oṣù Kẹrin 28, 1988, Boeing 737 ti Aloha Airlines ń lọ láti Hilo sí Honolulu nígbà tí òrùlé iwájú rẹ̀ ya kúrò lójú òfuurufú. Obìnrin kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù kú. Àwọn atukọ̀ gbé ìyókù balẹ̀ ní Maui. Ìwádìí fi hàn pé gọ́ọ̀mù tó yẹ kó máa so páànù òrùlé pọ̀ ti jáwọ́, gbogbo ẹrù ti bọ́ sórí rífẹ́ẹ̀tì. Ihò tí wọ́n gbẹ́ fún orí pẹlẹbẹ sì jin títí tó fi kan ìsàlẹ̀ páànù, débi pé etí ihò náà di mímú ṣáṣá. Etí bẹ́ẹ̀ ni àárẹ̀ irin ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàálù náà ti gbéra, ó sì ti balẹ̀, ní ìgbà tó lé ní 89,000. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ń gùn díẹ̀ sí i láti ihò kan sí èkejì.

Títẹ̀ náà ń fẹ́ ihò tó mọ́. Ní 2023, àwọn tó ra páànù Van's kan tí wọ́n fi iná laser lu ihò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé etí ihò ń là nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, nítorí etí tí laser gé kò rí bíi ti èyí tí ẹ̀rọ lù. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti ṣe òmíràn rọ́pò wọn. Ìnáwó yẹn àti àwọn ìṣòro mìíràn wọ̀ ọ́ lọ́rùn títí tó fi wá ààbò kóòtù lọ́wọ́ gbèsè ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, kó tó padà dúró lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ihò tí èèyàn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló fẹ́ wó ilé-iṣẹ́ ńlá.

Kíkàn án: èèyàn méjì, irin méjì

Láti kan rífẹ́ẹ̀tì alára líle, ẹ̀yin yóò gbé ìbọn afẹ́fẹ́ lé orí rẹ̀, ẹnìkejì yóò gbé irin wúwo kan ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìbọn ń lù, irin náà ń dá a padà, ìrù rífẹ́ẹ̀tì á sì máa wú sáàárín wọn. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ pọ̀: ọ̀pá rẹ̀ ń sanra kún inú ihò, ìpẹ̀kun rẹ̀ sì ń tẹ́ di orí kejì. Kíkún tó kún inú ihò yìí ló mú kí àwọn tó ń ya àwòrán bàálù fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó di irin ẹ̀yìn mú kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ jù, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó fò. Ẹni tó di ìbọn mú kò gbọdọ̀ yìn ín kí ẹnìkejì tó sọ pé òun ti wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fohùn sí ọ̀rọ̀ kúkúrú: "Mo ti dé," "Ó ti tó," "Tún un lù." Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ìbọn rífẹ́ẹ̀tì mu gan-an. Ṣùgbọ́n ìfẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìlù rírọ̀: ìlù díẹ̀ tó lágbára tó sàn ju ọ̀pọ̀ ìlù tó rọ̀ lọ. Bí ẹ bá lù ú pẹ́ jù, rífẹ́ẹ̀tì náà á le kó tó tẹ́, á sì là létí.

Níbi tí ọwọ́ bá lè dé etí páànù, ẹ kò nílò ìbọn rárá. Irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ onímùkùmù gígùn méjì á fún rífẹ́ẹ̀tì náà láti òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pariwo, kò nílò iná, orí tó sì ń fi sílẹ̀ dọ́gba. Ní ìlú tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Fún ìbọn, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni ẹ nílò. Irú èyí tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà lè fún un ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ohun tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù sáàárín wọn, nítorí rífẹ́ẹ̀tì kékeré kò fẹ́ agbára táyà ọkọ̀ ńlá. Ẹ tún fi ohun tó ń gba omi sí i. Ní ìgbà òjò, ọ̀rinrin máa ń di omi nínú táǹkì. Bí omi yẹn bá wọ inú ìbọn, á dípẹtà láti inú wá.

Fífà á, bíi ti Kpong

Rífẹ́ẹ̀tì àfàdì ní ihò láti orí dé ìdí, píìnì irin kan sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ìbọn ọwọ́ fa píìnì náà, orí píìnì tó wà lẹ́yìn páànù wú ìdí rífẹ́ẹ̀tì síta, nígbà tí agbára náà bá sì tó, píìnì já. Ẹnì kan ló lè ṣe é, láti ojú kan ṣoṣo. Èyí ló jẹ́ kí CH 701 rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó sì jẹ́ kó ṣeé ṣe láti pa àpótí bíi apá bàálù dé níbi tí irin ẹ̀yìn kò lè wọ̀.

Zenith ń lo ìwọ̀n méjì jù: A4, tó jẹ́ ínǹṣì 1/8, àti A5, tó jẹ́ ínǹṣì 5/32. Orí pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń jáde, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn tí wọ́n ń lò ní kòtò kékeré, nítorí náà bó ṣe ń fà á ló ń sọ orí náà di róbótó tó lẹ̀ mọ́ páànù dáadáa.

Níbí ni mo fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa gbọ́ ọ dáadáa. Rífẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní ọjà fún fèrèsé wà ní 3.2, 4.0 àti 4.8 mìlímítà. Ìwọ̀n kan náà ni pẹ̀lú ínǹṣì 1/8, 5/32 àti 3/16. Bí ẹ bá fi ti bàálù àti ti fèrèsé sí ọwọ́ kan, ó lè ṣòro fún ojú láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyàtọ̀ wà ní àdàpọ̀ tí wọ́n fi ṣe é, ní agbára tí píìnì yóò gbà kó tó já, àti ní bóyá ìdí píìnì máa dúró nínú ihò tàbí kó jábọ́ kí àárín rífẹ́ẹ̀tì sì ṣófo. Rífẹ́ẹ̀tì fèrèsé kò burú; fèrèsé ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó wà lára bàálù gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú ìwé tó sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó fi ṣe é àti ìsọ̀rí tó ti jáde. Bí kò bá ní ìwé, kò ní orúkọ. Ohun tí kò ní orúkọ kò gbọ́dọ̀ gòkè lọ sójú òfuurufú.

Yíyẹ̀ wò, yíyọ, àti ìpẹtà

Orí kejì tó dára fẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìfẹ̀ rífẹ́ẹ̀tì, ó sì ga tó ìdajì rẹ̀. Fún ínǹṣì 1/8, kí ó fẹ̀ tó mìlímítà 4.8, kó sì ga tó 1.6. Wọ́n ń ta irin ìwọ̀n pẹlẹbẹ tó ní ihò. Bí ẹ bá fi sórí rẹ̀, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo bóyá ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá ó là, bóyá orí òkè fò kúrò lára páànù. Bí bébà tín-ín-rín bá lè wọ abẹ́ orí rífẹ́ẹ̀tì, kò tíì jókòó.

Èyí tí kò bá dára, ẹ yọ ọ́. Ẹ lu ihò sí àárín orí rẹ̀, ní ìwọ̀n ọ̀pá rẹ̀ tàbí díẹ̀ sí i ní kékeré, kí ó má sì jin ju orí náà lọ. Ẹ ṣẹ́ orí náà kúrò, kí ẹ gbé irin ti páànù lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ìṣó ìtì rọra ti ìyókù jáde. Ẹ má ṣe fi síséèlì gbá a. Páànù ni síséèlì máa gé. Bí ihò bá ti fẹ̀ díẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì kan wà tí wọ́n ṣe fún irú èyí: ọ̀pá rẹ̀ sanra, orí rẹ̀ sì kéré, kí ó lè jókòó sínú àyè ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí rífẹ́ẹ̀tì kan kò bá burú jù, tí yíyọ rẹ̀ sì lè ba ihò jẹ́, ìwé ìlànà ní ààlà tó lè gbà á láàyè. Ẹni tó mọ̀gbọ́n yóò ka ààlà yẹn kó tó gbé dírìlì.

Ìpẹtà ni ọ̀tá tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí akànbàálù ti lọ sílé. Bí irin méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà bá fara kanra níbi tí ọ̀rinrin wà, èyí tó tètè ń pẹtà jù nínú wọn ni ìpẹtà yóò máa jẹ. Rífẹ́ẹ̀tì irin dúdú tàbí bàbà nínú páànù alumíníọ́mù ń jẹ páànù náà ní ìdákẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ Òṣogbo àti Iléṣà kún fún omi fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nítorí náà, kí wọ́n tó kan páànù pọ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n sì ń fi ọ̀dà ìṣáájú kun ojú tó máa fara kanra, torí lẹ́yìn kíkàn, ọwọ́ kò ní dé ibẹ̀ mọ́ láé.

Ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀

Bàálù tí èèyàn kàn fúnra rẹ̀ kò lè gbéra ní Nàìjíríà lọ́nà òfin láìsí ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú, ẹni tó bá sì fẹ́ kàn án gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó ra rífẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kíkọ́ bí a ṣe ń kàn án kò nílò ìwé àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó nílò àjákù páànù, dírìlì kan, Cleco mẹ́wàá, irinṣẹ́ ìfúnpọ̀ kan, àpò rífẹ́ẹ̀tì AD kan àti irin ìwọ̀n. Ẹni tó bá kan ọgọ́rùn-ún rífẹ́ẹ̀tì sára àjákù, tó yọ ìdajì rẹ̀, tó tún wọn kàn láìba ihò jẹ́, ti mọ ohun tí bàálù ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà ní Òṣogbo. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Ẹ̀sà-Òkè, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì ní tábìlì kan fún iṣẹ́ yìí, nítorí ohun tí àwọn ọmọ máa kọ́ níbẹ̀ kò ní parí sórí bàálù. Ọmọ tó ti kọ́ láti béèrè ìwé rífẹ́ẹ̀tì, láti wọn ihò, láti yọ ẹ̀gún àti láti yọ iṣẹ́ tí kò dára kí ẹnikẹ́ni tó rí i, yóò kan bọ́ọ̀sì dáadáa, yóò kan táǹkì dáadáa, yóò sì kan fèrèsé tí afẹ́fẹ́ kò lè mì. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ti pọ̀ ní Òkè-Fíà. Ẹ jẹ́ ká fún ọwọ́ wọ̀nyẹn ní ìwọ̀n.